Ìrì Dídì Pa Ewé, Kò Pa Ewúro

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mí. Orí òkè ni ìlú wa wà, bí ọyẹ́ bá sì dé, ìdí iná ni a máa ń kó ara jọ sí láàárọ̀. Mo rò pé mo mọ òtútù dáadáa kí n tó wá kàwé sí i ní Manchester.

Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni omi fi ń dì lóru. Mo ní ewúro kan nínú ike lójú fèrèsé. Ọmọ ìlú wa kan ló gé ẹ̀ka rẹ̀ fún mi. Mo gbé e síta lọ́sàn-án kí ó lè rí oòrùn, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Mo ti fẹ́ dà á nù nígbà tí Màámi pè. Wọ́n ní, "Ṣé o ti fi èékánná ha igi rẹ̀ wò?"

Bí wọ́n ṣe máa ń yẹ igi wò nílé lẹ́yìn ọyẹ́ nìyẹn. Mo ha á. Òkè ti kú, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, abẹ́ èèpo ṣì ní àwọ̀ ewé. Ewúro mi kò tíì kú.

Ọyẹ́ àti ìrì dídì kì í pa ewé bákan náà. Atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́. Ṣe ló ń fa omi ewé gbẹ. Ní ti ìrì dídì, bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 0°C, omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì á di yìnyín. Yìnyín yìí á fa omi inú sẹ́ẹ̀lì jáde, á sì ba awọ rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá wá yọ́, omi á tú jáde, ewé á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Irú ewé bẹ́ẹ̀ kò lè sàn mọ́. Ṣùgbọ́n igi nípọn, iyẹ̀pẹ̀ sì bo gbòǹgbò, nítorí náà òtútù kì í tètè dé ibẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí:

1. Mo gbé e wọlé, mo sì gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná.
2. Mo já àwọn ewé tó ń rà, ṣùgbọ́n n kò gé igi, nítorí n kò tíì mọ ibi tí ikú dé.
3. N kò bomi rin ín àfi bí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ. Igi tí kò ní ewé kì í mu omi púpọ̀. Omi àmujù á mú gbòǹgbò rà.
4. N kò fún un ní ajílẹ̀ rárá títí ó fi rú ewé tuntun.

Ó rúwé ní oṣù Kẹta. Ìgbà yẹn ni mo gé òkè tó ti gbẹ dànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má dúró de ìrì dídì. Ọ̀pọ̀ ewéko ilẹ̀ olóoru ti ń jìyà bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ 10°C. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, bí ọyẹ́ bá gbẹ ewé yín, ẹ fi èékánná ha igi kí ẹ tó fà á tu.

Nígbà tí mo fi ewúro náà se ọbẹ̀, Màámi bi mí bóyá ó korò. Mo ní ó korò dáadáa.