Archimedes: Idà Pa Á, Ìmọ̀ Rẹ̀ Kò Kú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí idà bá pa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Archimedes, àgbà onímọ̀ ìṣirò láyé àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 2,200 ọdún tí ọmọ ogun Róòmù kan ti gba ẹ̀mí rẹ̀, síbẹ̀ títí di òní ni ayé ń jẹ àǹfààní ohun tí ó fi sílẹ̀.

Ìlú Syracuse, ní erékùṣù Sicily tí ó wà lábẹ́ Ítálì lónìí, ni a ti bí Archimedes ní nǹkan bí ọdún 287 ṣáájú ìbí Jésù Kírísítì. Àwọn ará Gíríìkì ni ó tẹ ìlú náà dó, èdè wọn ni Archimedes sì fi kọ ìwé. Phidias, baba rẹ̀, jẹ́ ẹni tí ń ṣe ìwádìí nípa ìràwọ̀.

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nípa rẹ̀ ni ti adé wúrà Ọba Hieron, tí Vitruvius ará Róòmù kọ sílẹ̀. Ọba fún alágbẹ̀dẹ kan ní wúrà kí ó fi rọ adé fún àwọn òrìṣà. Nígbà tí adé dé, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ti yọ nínú wúrà, ó sì ti fi fàdákà dí i. Ọba ní kí Archimedes wádìí ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí ó ti ń ro ó ni ó ti wọ ọpọ́n ìwẹ̀, ó sì rí i pé bí ara òun ti ń wọlé ni omi ń ṣàn jáde. Wọ́n ní ìhòòhò ni ó sá lọ sílé, tí ó ń kígbe “Eureka!”, èyíinì ni pé, “Mo ti rí i!” Wúrà wúwo ju fàdákà lọ, nítorí náà, bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, fàdákà ni yóò gba ààyè jù, òun ni yóò sì ti omi púpọ̀ jáde. Báyìí ni àṣírí alágbẹ̀dẹ ṣe tú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Nínú ìwé rẹ̀ nípa àwọn ohun tí ń léfòó, Archimedes ṣàlàyé pé ohun tí a bá tì sínú omi, agbára tí omi yóò fi tì í sókè dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí ohun náà tì kúrò. Òfin yìí ni ọkọ̀ ńlá onírin fi ń léfòó lórí òkun. Òun náà ni ó fi ìṣirò hàn pé bí a bá fi ìbú òbìrìkìtì pín àyíká rẹ̀, èsì rẹ̀ ju 3 10/71 lọ, kò sì tó 3 1/7. Ìdá 22/7 tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, 3 1/7 yìí náà ni.

Lẹ́yìn ikú Ọba Hieron, Syracuse kẹ̀yìn sí Róòmù. Balógun Marcellus sì gbé ogun tì í lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Archimedes ti dàgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣe ń sọ òkò ńláńlá lu ọ̀tá, ọwọ́ irin sì ń gbá ọkọ̀ wọn mú, ó ń gbé e sókè, ó ń dà á nù. Ogun kò lè wọlé. Ọjọ́ ọdún òrìṣà kan ni àwọn ará Róòmù dúró dè, wọ́n sì fi àkàsọ̀ gun odi lóru.

Ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Jésù, ìlú ṣubú. Marcellus ti pàṣẹ pé kí a dá ẹ̀mí Archimedes sí, ṣùgbọ́n ogun kò mọ ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ní orí àwòrán ìṣirò tí ó yà sílẹ̀ ni ọmọ ogun náà bá a, tí ó sì pa á. Ọ̀rọ̀ náà dun Marcellus púpọ̀, ó sì rí i pé wọ́n sin ín.

Èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé àwọn ará ìlú rẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Cicero ará Róòmù béèrè ibojì rẹ̀ ní ọdún 75 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ní kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Cicero fúnra rẹ̀ ni ó wá a rí láàárín ẹ̀gún.

Ìwé ni ó gba Archimedes lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ní ọdún 1229, ẹnì kan ha ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lára ìwé awọ àtijọ́ kan, ó sì kọ àdúrà lé e. Ní ọdún 1906, ọ̀mọ̀wé Heiberg ará Denmark rí ìwé náà ní Constantinople, ó sì ka ọ̀rọ̀ Archimedes lábẹ́ àdúrà. Láti ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, fi ìmọ́lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀ tú ọ̀pọ̀ nínú ìyókù síta.

Odi Syracuse kò gba Archimedes, àṣẹ balógun kò gbà á, ìlú rẹ̀ kò sì rántí rẹ̀. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ nìkan ni idà kò rí pa. Ìlú tí ó bá ní ọlọ́gbọ́n, kí ó tètè kọ ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.