Àtòléra: ọ̀rọ̀ náà nínú ìwádìí abẹ́ ilẹ̀, àti bí a ṣe ń fi í yẹ àtúnṣe wò

Àtòléra, ọ̀rọ̀-orúkọ, láti inú tò, lé àti ara. Ìtumọ̀ kìíní: ohun tí a tò lé ara wọn lórí, bí abọ́ tàbí ìwé. Ìtumọ̀ kejì: àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí a rí nígbà tí a bá ro ọ̀pọ̀ ìlà ìgbì pọ̀ di ẹyọ kan.

Ìtumọ̀ kìíní kò le. Ìkejì ni àlàyé yìí wà fún, nítorí pé òǹgbufọ̀ tí kò bá mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe lè kọ gbólóhùn tó dùn-ún kà ṣùgbọ́n tó pa irọ́.

Nígbà tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì bá fẹ́ mọ bí àpáta ṣe tẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n a yin dáínámáìtì nínú ihò tí wọ́n gbẹ́, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá tó ń gbọ̀n mi ilẹ̀ tìtì. Ìgbì náà yóò wọlẹ̀ lọ, yóò kan àpáta, yóò sì padà wá bí gbohùngbohùn. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a gún mọ́lẹ̀, tí orúkọ wọn ń jẹ́ geophone, ni yóò gbọ́ ọ. Ohun tí geophone kan bá gbọ́ láti inú ìyìn kan ni a ń pè ní ìlà ìgbì níhìn-ín. Gbohùngbohùn kan ṣoṣo kì í le tó. Ariwo afẹ́fẹ́ àti ti ọkọ̀ ojú pópó a máa bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń gbọ́ ojú kan náà lábẹ́ ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, láti ọ̀nà jíjìn àti ọ̀nà kúkúrú, kí a tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. W. Harry Mayne, ará Amẹ́ríkà, ló gba ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1956. Bí ìlà bá jẹ́ 25, gbohùngbohùn yóò di ìlọ́po 25 nínú àròpọ̀ náà. Ariwo tí kò bá ara rẹ̀ mu láti ìlà dé ìlà yóò kàn di nǹkan bí ìlọ́po 5. Èrè ibẹ̀ nìyẹn.

Kí a tó ro wọ́n pọ̀, àwọn ìlà tó pín ojú kan náà ní abẹ́ ilẹ̀ ni a ń pè ní àkójọ. Nínú àkójọ, ìlà kọ̀ọ̀kan ṣì dá dúró, a sì lè kà wọ́n. Nínú àtòléra, wọ́n ti di ọ̀kan, kò sí ẹni tó lè yọ ọ̀kan kúrò nínú wọn mọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì:

Nínú àkójọ yìí, ìlà kẹta àti ìkarùn-ún pẹ́ ju àwọn yòókù lọ.

Nínú àtòléra, ojú àpáta náà hàn gbangba láìjá.

Ẹni tó bá kọ àtòjọ fún méjèèjì ti ba nǹkan jẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ tí a kọ tẹ̀ léra wọn nínú ìwé ni àtòjọ jẹ́ létí ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Lẹ́ẹ̀kejì, àyẹ̀wò tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí dá lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a kó jọ àti kí a rò pọ̀.

Àtúnṣe náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lójoojúmọ́, ohun tó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe: bàtà, òrùlé, ìwà. Nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ohun tó bàjẹ́. Geophone gbọ́ òótọ́. Àkókò tó fi gbọ́ ọ nìkan ni à ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ìlà gbogbo lè wà ní déédéé. Ìdí méjì ló sì fà á. Geophone tó jìnnà sí ojú ìyìn yóò gbọ́ lẹ́yìn èyí tó sún mọ́ ọn, nítorí náà a ń yọ àfikún tí ọ̀nà jíjìn mú wá kúrò. Ìdí kejì ni ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lókè, tó nípọn níhìn-ín, tó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Ká ní ó nípọn tó mítà 10, tí ìgbì sì ń rin mítà 500 nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò lo mìlísẹ́kọ́ńdù 20, ìyẹn ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà 20. Ká ní ilẹ̀ líle ni, tí ìgbì ń rin mítà 2,000, mìlísẹ́kọ́ńdù 5 péré ni ì bá lò. Ìdádúró 15 nìyẹn. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn tó ń mì ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń lo nǹkan bí 33 fún ìmì kan. Ìdajì rẹ̀ kò ju 16 sí 17 lọ. Bí a bá ro ìlà tó pẹ́ báyìí mọ́ èyí tí kò pẹ́, ṣóńṣó ọ̀kan yóò bọ́ sínú kòtò ìkejì, wọn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́.

Ìdí nìyí tí àtòléra fi jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí àtúnṣe bá ṣe é ṣe, ṣóńṣó á bá ṣóńṣó pàdé, ojú àpáta á sì hàn ketekete. Bí kò bá ṣe é ṣe, á ṣú, á já, tàbí kó pòórá. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa ya àtòléra kan ṣáájú àtúnṣe, wọn a ya òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, wọn a sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìwọ̀n kan náà ni kí a fi ya méjèèjì, nítorí pé ẹni tó bá mú ìkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ yóò tan ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n tún ń wo bóyá gbogbo ojú àpáta, láti òkè dé ìsàlẹ̀, jọ gbé ìbúgbà kan náà ní ojú kan náà. Irú èyí kì í sábà wá láti ara àpáta. Ilẹ̀ òkè tí a kò tíì ṣe àtúnṣe rẹ̀ dáadáa ló máa ń fà á.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí yìí kì í rí ohun gbogbo, ibẹ̀ sì ni òǹgbufọ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Ní ọdún 1985, Ronen àti Claerbout gbé ọ̀nà kan jáde tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ìsúnsí tí yóò mú àtòléra lágbára jù lọ. Ọ̀nà náà wúlò, ṣùgbọ́n bí a bá wá fi agbára àtòléra kan náà dá a láre, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá la ṣe. Kọ̀ǹpútà lè sún ìlà ní odidi ìmì kan, mìlísẹ́kọ́ńdù 33, kí ṣóńṣó bá ṣóńṣó tí kì í ṣe tirẹ̀ pàdé. Àwòrán á dán, òótọ́ á sì ti lọ.

Èyí tó tún burú jù ni àṣìṣe tó ń yí díẹ̀díẹ̀ káàkiri ọ̀pọ̀ kìlómítà, irú èyí tó lè wáyé lábẹ́ òkìtì iyanrìn ńláńlá ní aṣálẹ̀ Rub' al Khali ní ilẹ̀ Sáúdí Arábíà. Níbẹ̀, gbogbo ìlà inú àkójọ kan jọ ṣìnà bákan náà, nítorí náà wọ́n ṣì bára wọn mu, àtòléra sì mọ́ gaara. Ká ní a ṣì í ní 15 ní ìhà ìyìn àti 15 ní ìhà geophone, 30 nìyẹn. Bí ìgbì bá ń rin mítà 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì rántí pé àlọ àti àbọ̀ ni, òkè tí kò sí níbẹ̀ yóò yọ ní mítà 37.5 nínú àwòrán. Orí irú òkè bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni epo máa ń kó ara jọ sí, ibẹ̀ náà ni a ó sì lọ gbẹ́ kànga, tí a kò ní bá nǹkan kan. Ohun tó lè tú àṣírí rẹ̀ ni kí a gbẹ́ ihò díẹ̀, kí a fi wọn ìyára ìgbì nínú ilẹ̀ rírọ̀ náà, kí a sì wò bóyá òkè abẹ́ ilẹ̀ jọ òkìtì iyanrìn tó wà lókè rẹ̀ jù.

Nítorí náà, dán, mọ́ àti hàn gbangba jẹ́ ọ̀rọ̀ fún àwòrán. Tọ́ àti péye jẹ́ ọ̀rọ̀ fún àtúnṣe. Ẹ kọ ọ́ pé:

Àtòléra náà mọ́ sí i lẹ́yìn àtúnṣe.

Bí ìwé tí à ń túmọ̀ kò bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé:

Àtòléra fi hàn pé àtúnṣe náà tọ́.

Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àtòléra ṣì dúró lórí ìtumọ̀ kìíní: èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń mú kúrò, a kì í sì í ro wọ́n pọ̀. Bí ìwé kan bá mú iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, ó dára kí a pe ìṣirò ti abẹ́ ilẹ̀ ní àròpọ̀, kí a sì fi àtòléra sílẹ̀ fún àwòrán rẹ̀. Òkìtì kò yẹ fún èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé ohun tí a dà jọ láìtò ni òkìtì.