Etí Òkun Wo Ni Ká Kó Ẹbí Lọ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin bàbá oníṣòwò ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò àti gbogbo àyíká Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. 

Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Àwọn ọmọ á fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń dá wọn lóhùn pé ìsọ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Kò burú, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ ní kùtùkùtù, tí kì í tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ara rẹ̀ ń jìyà, ilé rẹ̀ náà sì ń jìyà. Ìlera lọrọ̀. Ọjọ́ kan tàbí méjì tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ jókòó sétí òkun, tí wọ́n ń jẹ àgbọn, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lára, a kò dá a sílẹ̀ fún olówó nìkan.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé à ń yan etí òkun bí ẹni ń yan aṣọ ẹbí: a gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, a sì ní ibẹ̀ náà la ó lọ. Kì í ṣe orúkọ ló yẹ ká fi yàn án. Ohun mẹ́ta ni ká gbé sórí òṣùwọ̀n: ọ̀nà, omi àti owó. Ọ̀nà tí kò ní jẹ ọjọ́ wa tán, omi tí kò ní gbé ọmọ wa lọ, owó tí kò ní ya wọ inú owó òwò.

ÀWỌN IBI TÍ KÒ SÍ BÍ I TI TẸ́LẸ̀ MỌ́

Ọkàn ọ̀pọ̀ àwa àgbà ṣì wà ní Bar Beach ní Victoria Island. Ibẹ̀ ni ará Èkó ń lọ nígbà ọdún. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa adigunjalè ní gbangba láàárín àwọn ọdún 1970. Ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tó fà á nìyí: nígbà tí òyìnbó amúnisìn ń la ẹnu ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun láti wọ èbúté Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá wọ inú òkun láti 1908, kí yanrìn má baà dí ọ̀nà. Yanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kò wá rí ibi kọjá mọ́. Ó ń kó jọ sí apá kan, apá kejì, níbi tí Bar Beach wà, sì ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Láti nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti ń rọ́ yanrìn sínú òkun níbẹ̀ láti fi kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Bar Beach ayé àtijọ́ di ìtàn nìyẹn.

Kúrámọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ ibẹ̀, ó gbé ènìyàn lọ, ìjọba sì kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Ní 2024, wọ́n wó lára àwọn ilé ìgbafẹ́ tó wà ní etí òkun Landmark nítorí títì tí ìjọba àpapọ̀ ń là láti Èkó lọ sí Calabar.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Etí òkun kì í dúró sójú kan bí ọjà Ìkòtún. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ kankan, ẹ wá ẹni tó dé ibẹ̀ láìpẹ́ yìí, kí ẹ bi í léèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Àwòrán ọdún márùn-ún sẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀NÀ

Orúkọ tó ń dùn lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni Elégushì, Oníru àti Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Ibi fàájì ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Erékùṣù, lápá Lẹ́kí, ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá ti Ẹ̀gbẹ́dá jáde gbọ́dọ̀ la Ìkẹjà tàbí Oṣòdì kọjá, kó gun afárá, kó tó wá dojú kọ gosíló Lẹ́kí. Àlọ àti àbọ̀, ìdajì ọjọ́ ti lọ, ọmọ ti bì, ìyá ti bínú, bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ti Ẹlẹ́kọ̀ọ́ tún jìnnà ju ti ìyókù lọ, nítorí Ìbéjú-Lẹ́kí ló wà. Ẹni tí kò bá ní sùn níbẹ̀ kò yẹ kó dágbá lé e láti ọ̀dọ̀ wa níbí.

Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọjà. Láti Ìkòtún, ẹ gba Ìgàndò, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà LASU, ẹ yọ sí Ìyànà-Ìbà, ẹ ti bọ́ sí títì Àgbádárìgì nìyẹn. Okokomaiko, Ìjànìkin, Àgbárá, ẹ ń lọ tààrà. Kò sí pé à ń gun afárá lọ sí Erékùṣù, kò sí ti Lẹ́kí níbẹ̀.

A ò sọ pé ọ̀nà náà tẹ́ bí ẹní o. Láti 2009 ni ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ náà sì fa ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ́ tún ni, nítorí náà ọlọ́pàá àti kọ́sítọ̀ọ̀mù pọ̀ níbẹ̀, pàápàá nígbà àbọ̀. Kí ìwé ọkọ̀ pé, kí ẹ sì tètè jáde kí oòrùn tó là. Ẹ̀yin ìyá oníràìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ọjà sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Ní 2016 ni ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì òkèèrè gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, kọ́sítọ̀ọ̀mù sì ń wá a nínú ọkọ̀. Fàájì la bá lọ, a ò bá fàyàwọ́ lọ.

Ìdí mìíràn tí Àgbádárìgì fi wù wá ni pé kì í ṣe yanrìn àti omi nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń kàwé yóò fojú rí ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ibi tí igi Àgíà wà, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842, ṣì wà níbẹ̀. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí ló dípò rẹ̀. Ẹ ó rí ilé tí Sẹ̀rìkí Williams Abass ń kó ẹrú pamọ́ sí, àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń dè wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ́rẹfú, ẹ ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà, títí dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Òkun wà níwájú ibẹ̀ gan-an. Ọmọ tó bá rin ọ̀nà yẹn pẹ̀lú òbí rẹ̀ kò ní gbàgbé.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lè lọ sí Suntan, ní Àgbádárìgì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú, Whispering Palms wà ní Ìwòrò, lẹ́bàá ọ̀sà.

OMI

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ibí yìí ni ẹ̀mí wà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Láti Àgbádárìgì títí dé Ẹlẹ́kọ̀ọ́, òkun gbalasa ni, ní ọ̀pọ̀ ibi kò sí ohun tó ń dènà ìgbì. Omi tí ìgbì bá rọ́ wá sórí yanrìn gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan tí yóò gbà sáré padà sínú agbami. Ojú ibi tó ń gbà náà kì í hó. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín ìgbì méjì. Ibẹ̀ ni ọmọdé máa ń rò pé ó dára láti wọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ń gbé ènìyàn lọ. Kì í sì í ṣe ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ nìkan ló ń gbé: òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Nítorí náà, kí omi má kọjá orúnkún ọmọ. Ibi tí wọ́n bá ri àsíá pupa mọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Bí omi bá fà yín, ẹ má bá a jìjàkadì pé ẹ fẹ́ padà tààrà sí èbúté. Agbára á tán. Ẹ léfòó, ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó máa bọ̀ wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló gbé, ẹ má bẹ́ lé e. Ẹ ké sí àwọn tó ń ṣọ́ omi, ẹ ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé pa sí i kó dì í mú. Kẹ́ẹ̀gì méjì nínú bọ́ọ̀sì kò wúwo.

Kí àgbàlagbà kan máa wo àwọn ọmọ, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kó má se oúnjẹ, kó má tẹ fóònù. Lẹ́yìn wákàtí kan, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni létí òkun.

Bí àwọn ọmọ yín bá kéré tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n tẹ inú omi, Tarkwa Bay ló yẹ yín jù. Òkúta ọdún 1908 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń bá wọn gba ìgbì níbẹ̀, ni omi rẹ̀ fi rọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀, àfi ọkọ̀ ojú omi láti apá Erékùṣù. Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2, kí ẹ wọ rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tó ń lọ sí Marina, kí ẹ tó wá ọkọ̀ dé èbúté. Kí gbogbo ènìyàn, títí kan ọmọ ọwọ́, wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ẹ̀wù kò bá kárí, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ ìgbà náà ṣe pàtàkì. Ìsinmi tó gùn jù fún àwọn ọmọ bọ́ sí oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ìgbà náà sì ni òkun máa ń bínú gan-an. Ẹni tó bá lọ nígbà yẹn, kó jókòó sórí yanrìn tàbí kó yan ọ̀dọ̀ ọ̀sà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ló dára jù.

OWÓ

Owó ẹnu géètì ni gbogbo ènìyàn máa ń bèèrè, òun ló sì kéré jù. Ẹ ka owó ọkọ̀, oúnjẹ, àga àti àtíbàbà tí wọ́n ń háyà, owó ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin tí ọmọ á fẹ́ gùn, olùyàwòrán tí yóò ti yà yín kí ẹ tó sọ pé rárá. Ẹ sì ka ọjà tí ẹ kò ní tà lọ́jọ́ náà, nítorí ìnáwó lòun náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà ná, ẹ ná an kí ẹ tó jókòó, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dìde. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n gbà kí ènìyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé; ibòmíràn ń gba owó lé e.

Ẹ má yáwó ẹgbẹ́ lọ ṣe fàájì. Owó ẹgbẹ́ wà fún ọjà, fún ilé, fún owó ilé-ìwé. Orúkọ wa náà ti sọ ọ́: à ń jẹ, a sì ń ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ya 2,500 náírà sọ́tọ̀ lóṣooṣù, lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, 25,000 náírà ti wà nílẹ̀ láìfọwọ́ kan owó òwò. Bí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n jọ háyà bọ́ọ̀sì kan, ìnáwó ọkọ̀ á fúyẹ́, àgbàlagbà tí yóò máa ṣọ́ ọmọ á sì pọ̀ sí i. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni.

Ìmọ̀ràn wa rèé ní kúkúrú. Ìdílé tó fẹ́ lọ kó padà lọ́jọ́ kan, tí ọmọ rẹ̀ ti ń kàwé, kó lọ sí Àgbádárìgì. Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ kéré, tó fẹ́ tẹ omi, kó lọ sí Tarkwa Bay. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lọ́jọ́ méjì, tí owó rẹ̀ sì ká a, ló lè ronú Ìbéjú-Lẹ́kí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó lọ́dún yìí, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ lóṣù yìí. Òkun kò lọ síbì kan.

Ẹ ṣe é ní pẹ̀lẹ́ o. Iye ọmọ tí ẹ kà wọ ọkọ̀ ni kí ẹ kà sọ̀ kalẹ̀.