Irun Gbígbìn Sórí: Ṣé Kí Á Ṣe É, Ìgbà Wo Sì Ni?

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìlú Ore ni mo wà, níbi tí ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ti pàdé ọ̀nà tí ó gba Odigbo lọ sí Oǹdó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Jímọ̀ọ̀ tán ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ mí wá. Ọmọ ọdún 24 ni. Ó ń ra koko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí Odigbo ká, ó sì ti fi ọdún méjì tọ́jú owó yìgì rẹ̀. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kí ó tó ṣí fìlà. Irun ti sá sẹ́yìn ní igun méjèèjì iwájú orí rẹ̀, àtàrí rẹ̀ sì ti ń fẹ́lẹ́.

"Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ibì kan wà ní Èkó tí wọ́n ti ń gbin irun. Owó tí mo tọ́jú yóò tó o. Ṣé ẹ̀sìn wa gbà á? Bí ó bá gbà á, ṣé kí n tètè lọ? Yìgì mi ku oṣù méjì."

Ìbéèrè méjì ni èyí. Ti àkọ́kọ́ kò le tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé èèwọ̀ pọ́ńbélé ni, nítorí pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, gégùn-ún fún obìnrin tí ń fi irun mọ́ irun, àti ẹni tí ó ní kí a fi mọ́ ti òun. Òótọ́ ni hádíìsì náà. Asmau ọmọ Abubakari gba ọ̀kan wá nínú rẹ̀: ìyá kan wá sọ fún Ànábì pé àìsàn ti mú kí irun ọmọbìnrin òun re, òun sì ti fi ọmọ náà fún ọkọ, ṣé kí òun fi irun mìíràn kún un. Ànábì kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n irun àjèjì ni ìyẹn, tí a so mọ́ orí kí ọkọ má baà mọ̀. Irun tí à ń gbìn lóde òní, irun olórí fúnra rẹ̀ ni. A mú un láti ìpàkọ́ rẹ̀ lọ sí iwájú orí rẹ̀, yóò sì máa hù níbẹ̀.

Hádíìsì mìíràn wà nínú Bukhari àti Muslim, ti adẹ́tẹ̀, apárí àti afọ́jú nínú àwọn Banu Israila. Máláíkà bi apárí náà pé kí ni ó wù ú jù, ó ní irun tí ó dára. Máláíkà fi ọwọ́ pa á lórí, irun sì dé. Sheikh Muhammad ibn Uthaymeen ti Saudi Arabia, tí ó kú ní ọdún 2001, fi èyí ṣe ẹ̀rí pé dídá ohun tí ó ti lọ padà kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́run padà. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkìhì àgbáyé, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jeddah, pàdé ní Putrajaya ní Malaysia, wọ́n sì ka irun gbígbìn fún ẹni tí irun rẹ̀ re, pàápàá obìnrin, mọ́ àwọn iṣẹ́ abẹ tí a lè ṣe. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìfipamọ́ tí ó wà nínú hádíìsì Asmau ni ó mú mi bi ọmọkùnrin náà pé ṣé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti rí orí rẹ̀ láìsí fìlà. Ó dákẹ́. Mo tún bi í. Ó ní rárá o. Mo ní kí ó lọ ṣí fìlà níwájú ọmọbìnrin náà kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan, nítorí pé orí tí ó ń pá kò ní dúró nítorí pé a gbin irun sí i. Bí kò bá rí i lónìí, yóò rí i lọ́la nínú ilé rẹ̀. Umar ọmọ Khattab, Kálífà kejì, apárí ni. Abdullah ọmọ Sarjis, nígbà tí ó ń ròyìn bí Umar ti fi ẹnu kan Òkúta Dúdú, apárí ni ó pè é, ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Muslim títí di òní. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fojú di Umar nítorí èyí.

Nísinsìnyí, kí ni wọ́n ń ṣe ní ibi tí wọ́n ti ń gbin irun? Ẹni tí ó bá ti ṣí ọmọ koko láti inú nọ́sìrì lọ gbìn sínú oko ti mọ ìdajì rẹ̀. Kò sí irun tuntun tí ẹnikẹ́ni dá. Dókítà Okuda ní Japan ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1939, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí ayé gbọ́. Ní ọdún 1952, Dókítà Norman Orentreich gbin irun sórí apárí ní New York, ó sì ṣàlàyé ní 1959 pé irun ìpàkọ́ kì í gbàgbé ibi tí ó ti wá: bí a bá gbé e lọ sí iwájú orí tí ó pá, yóò máa ṣe bí irun ìpàkọ́. Ibẹ̀ ni èrè iṣẹ́ náà wà. Wàhálà rẹ̀ ni pé irun ìpàkọ́ kò pọ̀ tó láti kún orí tí ó pá tán, èyí tí a bá sì ti ṣí pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ kì í hù padà níbi tí ó wà. Nọ́sìrì kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ní.

Orí pípá kì í sì í dúró sójú kan. James Hamilton ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 1942 pé ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá kí ó tó bàlágà kì í pá lórí, àfi bí a bá fún un ní èròjà ara ọkùnrin tí kò ní. Ìran bàbá lọ́wọ́ sí i, ìran ìyá náà lọ́wọ́ sí i. Ní 1975, Dókítà Norwood to ìrìn rẹ̀ sí ìpele méje. Ẹni tí orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pá ní nǹkan bí ọmọ 20 ọdún, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìpele báyìí ni yóò dúró sí. Mo bèèrè orí bàbá ọmọkùnrin yìí; ó ní ó ń dán láti iwájú dé ìpàkọ́. Ti àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin ńkọ́? Kò sàn jù ú lọ. Bí a bá gbin irun sí iwájú orí rẹ̀ báyìí, tí èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń re lọ, nígbà tí ó bá pé 35 ọdún, orí náà lè dà bí oko tí a gbin igi sí etí ọ̀nà nìkan, tí inú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà tí ó mọ iṣẹ́ fi máa ń lọ́ra láti fi ọwọ́ kan orí ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, tí àwọn mìíràn sì fẹ́ kí ó tó ọgbọ̀n.

Ti yìgì oṣù méjì ni ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Irun tí a gbìn máa ń kọ́kọ́ re ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ó di oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó tún yọrí, ó sì di nǹkan bí ọdún kan kí a tó mọ bí ó ti rí. Bí ó bá lọ lónìí, ọjọ́ yìgì gan-an ni orí rẹ̀ yóò burú jù! Owó ìyàwó yóò ti lọ, irun kò sì ní tíì dé.

Ohun tí ó kù fún irú rẹ̀ ni kí dókítà awọ ara wò ó, bóyá pípá ìran ni tàbí àìsàn. Oògùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Minoxidil, tí a kọ́kọ́ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru kí Amẹ́ríkà tó fi àṣẹ sí i fún irun ní 1988, à ń fi í pa orí. Finasteride, tí wọ́n fi àṣẹ sí fún irun ọkùnrin ní 1997, à ń gbé e mì. Wọ́n máa ń dá irun dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá jáwọ́, yóò tún máa re. Finasteride sì lè dín agbára ọkùnrin kù fún àwọn kan, èyí tí ọkọ ìyàwó kò gbọ́dọ̀ fojú fò dá. Kí dókítà fún un, kì í ṣe àwọn tí ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹni tí ó bá dàgbà tó, tí orí rẹ̀ ti dúró sójú kan, tí ó sì ní owó tí kì í ṣe ti ìyàwó tàbí ti ọmọ, n kò ní dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé gbòǹgbò irun tiwa tẹ̀ bí dòjé nínú awọ ara. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ orí ènìyàn dúdú yóò máa gé e sí méjì lábẹ́ awọ. Ọgbẹ́ tiwa sì máa ń wú ju ti òyìnbó lọ. Bí ojú ihò etí tàbí ojú abẹ rẹ bá ti wú gọngọ rí, fi han dókítà kí ó tó gé ọ. Àwọn kan ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń gbin irun lágbàáyé ti ń kìlọ̀ pé ní àwọn ibì kan, kì í ṣe dókítà ni ó ń di abẹ mú rárá. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí yóò gé yín.

Ẹ̀yin ìyá wa, tiyín yàtọ̀. Irun iwájú orí tí ó ń sá sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, irun tí a dì le jù àti àtàṣímẹ́ǹtì ni ó ń fà á tu. Bí ẹ bá tètè tú u sílẹ̀, yóò hù padà. Bí ẹ bá pẹ́ títí awọ orí fi di àpá, kò ní hù mọ́.

Ẹni tí ó bá ti pinnu, kí ó wo kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí pẹ̀lú. Kí ó má ṣe é nínú Rámádàánì, nítorí oògùn tí yóò máa gbé mì ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, dókítà kì í fẹ́ kí omi dà lé ojú ọgbẹ́ tàbí kí orí tẹ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífi omi pa gbogbo orí jẹ́ dandan nínú àlùwàlá àwa ọmọ Maliki. Kí ó ti bèèrè lọ́wọ́ àlùfáà rẹ̀ ṣáájú bí yóò ti ṣe àlùwàlá àti ìforíkanlẹ̀. Bí ó bá sì ń múra Hájì, kí ó jẹ́ kí Hájì kọjá ná, nítorí abẹ ń dúró dè é ní Mínà. A máa ń wí pé apárí fojú di abẹ, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sọ pé ẹni tí kò ní irun kan ṣoṣo lórí pàápàá, kí wọ́n fi abẹ gba orí rẹ̀ kọjá níbẹ̀.