Ohun Tí Àwọn Ọmọbìnrin Ń Béèrè Kí Wọ́n Tó Kan Owó

"Aago mélòó ni wọ́n ń ṣíwọ́ níbẹ̀?" Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin tó ń wá tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àwọn ọmọkùnrin kì í fi ìyẹn ṣáájú. Tiwọn ni: "Tàǹtí, èló ni wọ́n ń san? Ṣé èèyàn máa ń tètè dọ̀gá níbẹ̀?"

Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi: ti École Normale Supérieure, àtàwọn ọmọ ìlú yìí tó ń kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi. N kì í bá èèyàn kọ lẹ́tà láìkọ́kọ́ bi í pé kí ló rí lára iléeṣẹ́ náà tó fi wù ú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Àwọn àgbà tó ń retí ìwé tiwọn lórí bẹ́ǹṣì a máa dá sí i pé obìnrin kò kúkú lépa owó, pé iṣẹ́ tí kò nira ló ń wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Ẹ wo ọ̀nà tí ọmọ náà fẹ́ máa tọ̀. Kútọnù ni báńkì, èbúté ọkọ̀ òkun àti ọ́fíìsì tó ń san owó gidi pọ̀ sí, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 30 sí wa. Ẹni tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní láti wọ takisí ní ìdájí, kó gba Sèmè lọ, kó sì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nírọ̀lẹ́. Bí ọkùnrin bá wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Bí obìnrin bá wọlé lásìkò kan náà, iná ló máa kọ́kọ́ dá, ọmọ ò tíì wẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti ń bi ara wọn irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Wákàtí méjì tó bá fi tètè ṣíwọ́, owó ni lójú rẹ̀.

Wọ́n tún ń béèrè irú àdéhùn tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Òfin ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba Benin gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa tún àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe léraléra, láìníye. Òfin iṣẹ́ fún aláboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, kò sì fẹ́ kí wọ́n lé e torí oyún. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn bá tán nígbà tí oyún ṣì wà nínú, kò sẹ́ni tó lé e. Wọn ò kàn tún un ṣe ni. Ọmọ tó bá ti rí i ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń dúró de kọ̀ǹkúù, ìdánwò tí ìjọba fi ń gba òṣìṣẹ́, kódà bí iléeṣẹ́ aládàáni bá fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn máa wálẹ̀: "Tàǹtí, ọ̀gá ibẹ̀ ńkọ́?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Ọ̀kan nínú wọn sá kúrò níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ torí ọ̀gá tó ń pè é sí ọ́fíìsì lẹ́yìn táwọn yòókù ti lọ. Òfin oṣù Kejìlá ọdún 2021 ti mú ìjìyà irú ìwà yìí le sí i, inú mi sì dùn sí i gan-an. Àmọ́ ọmọ tó ń wáṣẹ́ kò fẹ́ dé kóòtù. Ibi tí kò yẹ kó lọ ló fẹ́ mọ̀. Ọmọkùnrin kan ò bi mí ní irú rẹ̀ rí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ohun tí ọkùnrin àti obìnrin ń wá lẹ́nu iṣẹ́ ti yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Matthew Wiswall àti Basit Zafar, ṣèwádìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ New York University, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn obìnrin ṣe tán láti yááfì nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 owó iṣẹ́ wọn kí wọ́n lè láǹfààní àtidín wákàtí iṣẹ́ kù. Ti àwọn ọkùnrin ò ju bí ìdá 1 lọ. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ Alison Konrad àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2000. Wọ́n kó ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1970 sí 1998 jọ, ti èèyàn tó lé ní 600,000. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ kékeré ni púpọ̀ nínú wọn, bí ilẹ̀kùn iṣẹ́ sì ṣe ń ṣí fáwọn obìnrin ni ohun tí wọ́n ń retí lẹ́nu iṣẹ́ ń pọ̀ sí i.

Àánú àwọn ọmọkùnrin náà ń ṣe mí. Wọ́n ti dá owó orí ìyàwó, òrùlé bàbá àti owó ilé-ìwé àwọn àbúrò lé wọn lórí kí wọ́n tó gbowó oṣù àkọ́kọ́. Èyí tó fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, tó sì ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe ní Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1985, ọ́fíìsì ní Kútọnù ló ṣì ní kí n kọ lẹ́tà sí, torí àwọn ará ilé ò ka oko sí iṣẹ́. Ní báyìí, mo máa ń bi ọmọkùnrin ní aago ìṣíwọ́, mo sì máa ń ní kí ọmọbìnrin béèrè owó láìtijú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìkéde tí ẹ ń fún mi lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé-ẹ̀rí àti ọjọ́ orí nìkan ló ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ kọ iye owó sí i, ẹ kọ oṣù tí àdéhùn máa gbà, ẹ kọ aago tí ẹ ń ṣíwọ́.