Kí Ló Dé Tí Abẹ́rẹ́ Fúlúù Fi Ń Yí Padà Lọ́dọọdún?

Ìlárá-Mọ̀kín ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Ọyẹ́ ti dé, ẹ má bínú bí ẹ bá gbọ́ ikọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Àǹtí mi tó ń gbé ní London sọ fún wa lórí WhatsApp pé wọ́n tún ti pe òun fún abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù. Ìyá àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi: "Ṣé èyí tí o gbà lọ́dún tó kọjá ò ṣiṣẹ́ ni?"

Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì fúlúù dà bí olè tó ń pààrọ̀ aṣọ. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí ara tó ti dá a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò fi ní tètè dá a mọ̀ mọ́. Agbára abẹ́rẹ́ náà sì máa ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù.

Ta ló wá ń ṣọ́ olè yìí? Láti ọdún 1952 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní ètò ìṣọ́ fún un. Wọ́n á fi owú nu imú tàbí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ń wúkọ́ tí ara rẹ̀ sì gbóná, wọ́n á gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Lọ́dún 2008, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn mẹ́rin: Èkó, Kano, Nnewi àti Abuja. Nítorí náà, ohun tí wọ́n rí nímú ẹnì kan l'Ékòó lè wúlò fún abẹ́rẹ́ àǹtí mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni WHO ń yan ohun tó máa wà nínú abẹ́rẹ́: oṣù kejì fún ìhà àríwá ayé, oṣù kẹsàn-án fún ìhà gúúsù. Wọ́n ní láti tètè yàn, torí pé ṣíṣe é, tó jẹ́ pé inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Olè lè tún pààrọ̀ aṣọ kó tó délé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, olè á pòórá: ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀yà B/Yamagata mọ́ láti oṣù kẹta 2020, ni WHO bá ní lọ́dún 2023 pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Ìyá àgbà ní: "Ta ló wá ń pe èmi?"

Kò sẹ́ni tó ń pè é. Abẹ́rẹ́ fúlúù ò sí lára àwọn àjẹsára ọ̀fẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ fúlúù lè jà nígbàkigbà nínú ọdún níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbàlagbà, aboyún tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée nílé, ẹ bi dókítà nípa rẹ̀. Tí ara bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà kí ẹ tó ra oògùn ibà. Tí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ni o.

Ó dìgbà kan ná.