Kí Òjò Tó Dé: Bí Ọ̀dà àti Aṣọ Àtijọ́ Ṣe Lè Sọ Ilé Dọ̀tun

Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tán nílẹ̀ Yorùbá, onílé kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé iṣẹ́ ti dé. Eruku tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá á ti bo ojú fáànù, á ti wọnú kọ́tìnì, ògiri tó funfun báláú ní oṣù kẹwàá á sì ti di àwọ̀ eérú kó tó di oṣù kejì ọdún. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ìgbà tí òtútù bá dẹwọ́ tí òdòdó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ni wọ́n máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ láti tún ilé ṣe, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Chicago sì mọ àsìkò náà dáadáa. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ọyẹ́ lọ àti ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé ni àsìkò yìí bọ́ sí.

Àṣà náà kì í ṣe tuntun. Láyé ìgbà tí amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé, àwọn obìnrin ló máa ń rẹ́ ògiri, tí wọ́n á sì fi ìgbẹ́ màlúù àti ewé tí wọ́n gún pọ̀ ra ilẹ̀ ilé títí yóò fi máa dán. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti tún ògiri ojúbọ kùn bí ọdún òrìṣà bá ti ń sún mọ́lé. Wọ́n á bo iṣẹ́ ọdún tó kọjá, wọ́n á sì ya òmíràn lé e lórí ní funfun, pupa àti dúdú. Ọ̀mọ̀wé Bọ̀lájí Campbell kọ odidi ìwé kan lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, èyí tó jáde ní ọdún 2008. Ohun tó yẹ kí èèyàn kíyè sí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó retí kí ògiri náà wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Wọ́n mọ̀ pé òjò àti oòrùn yóò jẹ ẹ́, títún un kùn sì wà lára iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló mú kí àsìkò yìí dára ju àwọn yòókù lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń mu omi bíi kànìnkànìn. Lásìkò òjò, omi á gun ògiri láti ìsàlẹ̀, tàbí kó gba ibi tí páànù ti ń jò wọlé. Bí wọ́n bá kun ọ̀dà lé irú ògiri bẹ́ẹ̀, omi inú rẹ̀ yóò máa wá ọ̀nà àbájáde, yóò ti ọ̀dà náà síta, ọ̀dà á wú bí ara tí iná jó, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ìyẹ̀fun funfun tó máa ń hù lára ògiri nítòsí ilẹ̀, iyọ̀ tí omi gbé jáde ni. Ọ̀pọ̀ onílé ló ti náwó ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta sórí ògiri bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń bú ẹni tó tà á fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé páìpù tó ń jò lẹ́yìn ògiri tàbí gọ́tà tó dí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò náni ní nǹkan. Kí wọ́n gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní ìwọ̀n ojú ìwé ìròyìn kan, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Bí omi bá sẹ̀ sínú ọ̀rá náà, ògiri yẹn kò tí ì ṣe é kùn. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ náà nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, kó tó gbẹ dénú.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ ha ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń bó kúrò. Ibí gan-an ni ewu wà, àwọn tó sì ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀ tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣe ọ̀dà káàkiri ayé fi ń po òjé mọ́ ọn, pàápàá ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin, kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn, kó sì tètè gbẹ. Òjé yìí kan náà ni àwọn olùsìn Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Àmọ́ bó bá di eruku tí ọmọdé fà símú, tàbí tó lá lára ọwọ́ rẹ̀, ọpọlọ ọmọ náà ló ń bá jà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Kì í ṣe ọ̀dà ló fa ìyẹn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi ha ilẹ̀kùn àtijọ́ ní gbígbẹ, kò sì gbọdọ̀ fi iná jó ọ̀dà ara rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi rin ín, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí wọ́n kó èépá rẹ̀ dì, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀. Àwọn ọmọdé àti aboyún gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí. Bí wọ́n bá sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́dà, ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè èyí tí kò ní òjé. Ìwọ̀n tí WHO àti àjọ UNEP dámọ̀ràn ni pé kí òjé inú ọ̀dà má ju ìdá 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan.

Ní ti iye ọ̀dà, ìṣirò rẹ̀ kò le. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti ní òró, tí ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, yóò ní nǹkan bíi mítà 40 onígun mẹ́rin láti kùn, bí wọ́n bá ti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Lítà kan ọ̀dà olómi máa ń kárí bíi mítà 10 lára ògiri tó dán. Lítà mẹ́jọ ni yàrá náà yóò gbà tí wọ́n bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé báàkẹ́tì lítà 20 kan lè tó yàrá méjì. Akunlé tó bá sọ pé ó tó yàrá mẹ́rin, omi ló fẹ́ fi kún un.

Ó wá ku àwọ̀. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá fi ṣe ìpìlẹ̀: funfun, pupa àti dúdú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé èdè náà kò lọ́rọ̀, bẹ́ẹ̀ inú pupa ni àwọ̀ osùn àti ti ìyeyè wà, inú dúdú sì ni aró àti àwọ̀ ewé wà. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ṣàlàyé pé ìpín náà bá ìtutù àti ìgbóná mu: funfun tutù, pupa gbóná, dúdú wà láàárín méjèèjì. Kò sí ìmọ̀ràn tó wúlò ju èyí lọ fún ẹni tó dúró sí iwájú ìwé àpẹẹrẹ àwọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ti gbóná tó; kíkùn ún ní pupa dà bí ìgbà tí èèyàn bá da epo síná. Funfun tó ní aró díẹ̀ nínú ló yẹ ẹ́. Pálọ̀ tí ilé aládùúgbò ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ lójú lè gba àwọ̀ ìyeyè tó rọra mọ́lẹ̀. Kí àjà wà ní funfun, pàápàá níbi tí iná mànàmáná kì í dúró, nítorí àjà funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ fìtílà padà sílẹ̀.

Funfun kò sì bá ọmọdé ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà akunlé fi máa ń fi ọ̀dà olóròóró kun ìsàlẹ̀ ògiri títí dé ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, tí wọ́n sì máa ń fi àwọ̀ ilẹ̀ pupa kun ẹsẹ̀ ògiri ìta, kí ẹrẹ̀ tí òjò ta sí i má baà hàn. Àwọn kan ti ń pe èyí ní àṣà àtijọ́. Ọgbọ́n ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí onílé lọ wo pálọ̀ inú fíìmù, kó sì ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n ṣe tòun. Owó á tán, ilé náà á sì dà bí òtẹ́ẹ̀lì tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun kan tó ti wà nílé, tó sì ní ìtàn. Nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìdílé, ẹtù, àlàárì tàbí sányán kan ń bẹ níbẹ̀ tí ìyá tàbí ìyá àgbà fi ṣègbéyàwó. Ẹtù dúdú bí aró pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀, bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tó fi jẹ orúkọ. Ògiri funfun àti tìmùtìmù aláwọ̀ aró ló máa ń bá a lọ. Sányán, tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, ní àwọ̀ ilẹ̀ tó rọlẹ̀, ó sì bá àga onípákó mu. Àlàárì pupa débi pé ohun kan ṣoṣo ni kó jẹ́ nínú yàrá. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ èyí: òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sí etí fèrèsé ni wọ́n máa ń fún ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, kó lè yọ lára ògiri.

Kò yẹ kí wọ́n gé aṣọ òkè ìdílé. Kí wọ́n fi gíláàsì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn kò ti ní tàn sí i. Àjákù aṣọ ẹbí, èyí tó kún inú àpótí gbogbo ènìyàn láìwúlò, ni kí wọ́n fi rán èpo ìrọ̀rí.

Fún kọ́tìnì, àdìrẹ kò lẹ́gbẹ́. Ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ̀òkúta àti lọ́dọ̀ àwọn aláró ní Òṣogbo, èèyàn lè rí i rà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ ya àwòrán sí kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀: nínú Ìbàdàndùn ni òpó gbọ̀ngàn Mápó wà, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, Olóba sì wáyé nítorí ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún lò lórí ìtẹ́, èyí tó wáyé ní 1935. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ lọ́jà lónìí. Bí àwòrán igun kan bá bá ti igun kejì dọ́gba láìyẹ̀ bíńtín, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló yà á. Oòrùn máa ń fa aró yọ, nítorí náà kí wọ́n rán aṣọ funfun mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì náà, kí wọ́n máa dá a fọ̀, kí wọ́n sì máa sá a sábẹ́ òjìji.

Fọ́tò àti kàlẹ́ńdà tí wọ́n yọ nígbà tí wọ́n ń kunlé kò ní láti padà sójú ògiri tán. Lóòótọ́, kò rọrùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àna wọlé, kó má sì rí kàlẹ́ńdà ìsìnkú bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá kó wọn jọ sójú ògiri kan, tí àwọn tó kù sinmi, ojú á rí èyí tó ń wò.

Ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà nù. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà àwọ̀, orúkọ yàrá àti ọjọ́ sí ara agolo, kí wọ́n dé e pinpin, kí wọ́n sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o. Kó tó di oṣù kẹjọ, ẹnì kan á yọ ìṣó kan lára ògiri, wọn á sì wá a.